Yíyó Yàtọ̀ sí Jíjẹunrekánú



Ọmọ ọdún méjì kan wà ládùúgbò wa tí à ń pè ní Òróbó, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rí roboto. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ojú ibẹ̀ sì jìn, kò padà. Omi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Ilé ìwòsàn ló ti gbádùn. Ojú tì mí, torí mo wà lára àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín.

Àìjẹunrekánú kì í ṣe ebi nìkan. Ọmọ tó ń mu ògì lásán láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ lè yó bámúbámú, àmọ́ kò jẹunrekánú. Ara rẹ̀ ń fẹ́ ẹ̀wà, ẹ̀pà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́. Bí èéyi tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò lágbára láti bá a jà. Àìsàn náà ò sì ní jẹ́ kó lè jẹun dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi le nígbà kòrónà, lọ́dún 2020. Wọ́n ní kí kálukú jókòó sílé, ẹ̀rù ilé ìwòsàn sì ń ba ọ̀pọ̀ ìyá. Ta ló máa wá yẹ àwọn ọmọ wò? Ní ọ̀pọ̀ ibi, títí kan apá ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà, wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ wọn fúnra wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí apá òsì ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wọn àárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Kí téèpù má fún jù, kó má sì dẹ̀.

• Àwọ̀ ewé (sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè): ó dára.
• Yẹ́lò (11.5 sí 12.4): ewu ń bọ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.
• Pupa (kò tó 11.5): ilé ìwòsàn, lójú ẹsẹ̀!

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn, ilé ìwòsàn ni, kódà bí apá bá wà ní àwọ̀ ewé.

Tí a bá lọ ọlidé, téèpù télọ̀ náà lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ká tó pe ọmọ kankan ní Òróbó, ká kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.