Títò Yàtọ̀ sí Kíkójọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Yorùbá kò lè ròyìn iṣẹ́ inú ọkọ̀ dópin láì yá ọ̀rọ̀ òyìnbó. Òótọ́ ni tó bá jẹ́ ti orúkọ ẹ̀yà: bíárìn, jíà, bóòtù, dífárẹ́ńṣà, gbogbo wọn ló bá irin wọn dé. Ti ọ̀rọ̀ ìṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Yorùbá ti ń tú nǹkan, ó ti ń fọ nǹkan, ó ti ń to nǹkan, kí mọ́tò tó dé rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi Jaguar E-Type wò ó, ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1961, tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń tún ṣe dòní. Nínú dífárẹ́ńṣà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Powr-Lok, àwo irin pẹlẹbẹ wà lọ́tùn-ún lósì. Bí táyà kan bá bọ́ sẹ́rẹ̀, tó fẹ́ máa yí lófo, àwọn àwo náà a fún mọ́ra wọn, agbára ẹ́ńjìnnì a sì dé ọ̀dọ̀ táyà kejì tó wà lórí ilẹ̀ líle. Oríṣi àwo méjì ni: ọ̀kan ní etí níta, etí yẹn ló há sára ilé dífárẹ́ńṣà, èkejì ní eyín nínú, eyín yẹn ló gbá jíà ẹ̀gbẹ́ mú. Elétí á kọjú sí eléyín. Bí elétí méjì bá fara ti ara wọn níbi tó yẹ kí eléyín wà, ńṣe ni wọ́n á jọ máa yí, wọn ò ní di ohunkóhun mú. Ìdérí bíárìn náà ńkọ́? Ti òsì kò gbọdọ̀ lọ sọ́tùn-ún, nítorí pé pẹ̀lú ilé ńlá tó gba odidi dífárẹ́ńṣà sínú ni wọ́n ṣe gbẹ́ ihò wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe pé kí a “kó àwọn ẹ̀yà jọ padà” ti ṣi ọ̀rọ̀ lò. Igi ìdáná là ń kó jọ. Èyí tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ bà ló ń wà nísàlẹ̀. Ohun tí a tò ní èyí tó ṣáájú, ó ní èyí tó kẹ́yìn. Inú “tò” yìí kan náà la ti rí “ètò”.

Àmì ohùn pàápàá kì í ṣe ọ̀ṣọ́ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e, bí “fọ̀” ṣe di “fọ àwo”. Ẹni tó bá fi ohùn òkè sí i, “fọ́ àwo”, ti ní kí a ba ohun tí a fẹ́ tún ṣe jẹ́. Bákan náà, ẹni tó ń tú ọkọ̀ ń yọ ẹ̀yà rẹ̀. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ ni atukọ̀.

Àwọn kan á ní mẹkáníìkì ń sọ pé “lúùsù ẹ̀”, ó sì ń yé ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ta ló wá ń wá “tú” kiri? Mi ò bá ẹni tó ń sọ ọ́ jà. Ṣùgbọ́n “lúùsù” kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ohun mẹ́ta tí Yorùbá yà sọ́tọ̀: a lè dẹ bóòtù díẹ̀ péré, a lè tú u kúrò, a sì lè tú odidi dífárẹ́ńṣà palẹ̀. Bóòtù tó so ilé àwo pọ̀, ó yẹ ká kọ́kọ́ dẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀ yípo ká tó tú èyíkéyìí. “Lúùsù” kò lè sọ ìyẹn fún ẹni tó ń ka ìwé níbi tí ọ̀gá kò sí.

Ìtọ́ni náà lè lọ báyìí, láì yá ju orúkọ ẹ̀yà àti ọ́ìlì lọ: Dẹ bóòtù, tú ilé, fọ àwo, nù wọ́n gbẹ, rẹ wọ́n sínú ọ́ìlì, kí o tò wọ́n bí o ṣe bá wọn.