Ìdúnàádúrà Aládàáṣe Láàárín Switch àti Ẹ̀rọ tí a So Mọ́ Ọn

Ìfáárà

Nínú iyàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ orí àwọn ẹ̀rọ tí wáyà so pọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun, kí àwọn méjèèjì sì máa gba inú switch kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó jókòó ti switch náà láti sọ fún un bí yóò ṣe ṣe sí lágbájá àti bí yóò ṣe ṣe sí tàmẹ̀dù. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ojú ihò kọ̀ọ̀kan lára switch ṣe ń mọ irú ẹ̀rọ tí ó dé bá a, àti ohun tí ó máa ń da àdéhùn wọn rú.

Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀

Ọdún 1973 ni Robert Metcalfe gbé èrò Ethernet kalẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Mẹ́gábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìyára tí ó wọ́pọ̀ títí di ọdún 1995, tí ẹgbẹ́ onímọ̀-ẹ̀rọ IEEE fi gbé òdiwọ̀n mẹ́gábíìtì 100 jáde. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ di ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí ẹ̀rọ àtijọ́ àti tuntun lè jọ ṣiṣẹ́, òdiwọ̀n ọdún 1995 yìí kan náà fi ìdúnàádúrà aládàáṣe lélẹ̀.

Bí Ìdúnàádúrà náà ṣe ń Wáyé

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan a máa fi ìṣùpọ̀ àmì iná kéékèèké ránṣẹ́ sí èkejì. Àyè 16 ni ó wà fún ọ̀rọ̀ nínú ìṣùpọ̀ kan. Wíwà tàbí àìsí àmì ní àyè kọ̀ọ̀kan sì ni èkejì ń kà. Ohun méjì pàtàkì ni wọ́n ń sọ. Èkíní ni ìyára tí agbára ẹ̀rọ náà ká. Èkejì ni ọ̀nà ìsọ̀rọ̀: bóyá àjùmọ̀sọ, níbi tí ẹ̀rọ méjèèjì ti lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí àsọdákẹ́, níbi tí ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí èkejì tó sọ.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò mú ohun tí ó ga jù lọ nínú èyí tí àwọn méjèèjì ní. Bí switch bá lè ṣe 1000, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì ju 100 lọ, 100 ni wọn yóò fẹnu kò sí.

Èdèkòyedè

Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ ti kọ̀ǹpútà mọ́ 100 àti àjùmọ̀sọ, tí ó sì pa ìdúnàádúrà rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà kò ní fi ìṣùpọ̀ àmì ránṣẹ́ mọ́. Switch yóò dá ìyára 100 mọ̀ láti ara irú àmì tí ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò fi mọ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀. Òfin ni pé kí ó mú àsọdákẹ́. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí ó bá wù ú, èkejì sì ka èyí sí ìforígbárí. Iná ojú ihò yóò máa tàn bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe. Iṣẹ́ kékeré yóò kọjá, ṣùgbọ́n bí ìsọfúnni bá ti pọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bàjẹ́ lọ́nà, ohun gbogbo yóò sì máa falẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò tìtorí èyí pààrọ̀ wáyà tí kò ṣẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ìhà méjèèjì jọ dúnàádúrà, tàbí kí a ti méjèèjì mọ́ ohun kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ náà "ìdúnàádúrà" wúlò fún olùkọ́ nítorí pé ó fi hàn pé ẹnu méjì ni ó wà níbẹ̀. Bí a bá pè é ní "ìmúbádọ́gba" lásán, akẹ́kọ̀ọ́ lè rò pé switch nìkan ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Nínú kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì mú káàdì 10, 100 àti 1000 tí agbára wọn ká, kí wọ́n sì ná an bí ọjà. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀kan pa ẹnu mọ́. Kíláàsì yóò rí i fúnra wọn pé ẹni tí ó dákẹ́ ni ó fa àṣìmọ̀ fún ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀.