Ẹ̀KỌ́ FÚN OṢÙ MẸ́TA YÌÍ: KÍ ẸGBẸ́ TÓ RA KÁMẸ́RÀ OJÚ

Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yá oníṣègùn ojú lówó, tàbí tí ó fẹ́ dá ilé ìtọ́jú ojú sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà tí ń ya àwòrán inú ẹyinjú kò ní ṣàì jẹ yọ. Owó ńlá ni. Owó àjẹṣẹ́kù wa sì ni.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ó ń ya awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹyinjú. Ibẹ̀ ni a ti ń rí ibi tí àtọ̀gbẹ ti ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, àti ibi tí àrùn glaucoma ti ń pa iṣan ìríran. Àrùn méjèèjì kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìríran tí glaucoma bá gbà lọ kì í padà.

Ẹ jẹ́ kí a bi olùtajà ní ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ṣé ó lè yàwòrán láìkán oògùn sójú? Oògùn tí ń mú ọmọlójú fẹ̀ máa ń mú ojú ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀. Ọlọ́jà tí ń kánjú padà sídìí igbá rẹ̀ lè má gbà. Ṣùgbọ́n bí ọmọlójú bá kéré, tàbí tí ojú ti ń funfun, àwòrán lè má mọ́. Ojú àwọn àgbà wa ni kí a fi dán an wò, kì í ṣe ojú ọ̀dọ́ tí olùtajà mú wá.

2. Báwo ni ibi tí ó ń rí ṣe fẹ̀ tó? Ìwọ̀n dígírì 45 wọ́pọ̀ lára àwọn tí a ń gbé ka tábìlì, ó sì tó fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Èyí tí a ń fọwọ́ mú rọrùn fún abúlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó bá gbọ̀n a máa ba àwòrán jẹ́.

3. Bí iná bá lọ ńkọ́? Bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe, níbo sì ni?

4. Ta ni yóò ka àwòrán náà? Kámẹ́rà kì í ṣe dókítà. Àwòrán nìkan kò sì tó fún glaucoma. A gbọ́dọ̀ wọn agbára omi inú ojú pẹ̀lú.

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Èyí tí owó rẹ̀ kéré tí kò rí nǹkan, ọ̀wọ́n ni.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé: Nínú ìbéèrè mẹ́rin yìí, èwo ni ẹgbẹ́ yín lè dáhùn lónìí?