Igi Líle Fún Odó àti Fún Ìsọ̀: Báwo La Ṣe Ń Mọ̀ Ọ́n?

 

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí igi líle, torí owó tí à ń sọnù sórí igi rírọ̀ ti pọ̀ jù. Iyán ni oúnjẹ Èkìtì. Tí odó ẹni tó ń tà á bá rọ̀, igi wẹ́wẹ́ á máa bá iyán wọnú abọ́. Oníbàárà tó bá sì jẹ igi lẹ́ẹ̀kan, ó di gbére.

Ìrókò àti apá dára fún odó. Ayín dára fún ọmọ odó, ó le bí irin. Arère ńkọ́? Ó wúlò fún àpótí àti àjà ilé, ṣùgbọ́n kò yẹ fún odó, kò sì yẹ fún òpó ìsọ̀. Ikán fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn dùndú.

Ẹ má wo àwọ̀ nìkan o! Wọ́n lè kun arère kó dà bí apá. Ẹ gbé e wò. Ká ní pákó mẹ́ta tó gbẹ dáadáa, tí gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn wọn dọ́gba: bí ti arère bá wọn kílò 10, ti ìrókò á tó bíi kílò 17, ti apá á tó bíi 21. Ara apá ki, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú arère. Àmọ́ omi máa ń mú kí igi tútù wúwo, nítorí náà ẹ fi èékánná tẹ abẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀dà kò dé. Tó bá tẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ẹ tún wo ara funfun tó wà lábẹ́ èèpo. Apá tòótọ́ náà ní in, kòkòrò sì máa ń jẹ ẹ́. Àárín igi, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ni ká sanwó fún. Odó tuntun kò gbọdọ̀ wà lóòrùn: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá yára gbẹ ju inú lọ, ó máa là. Ibòji ni kẹ́ ẹ gbé e sí títí á fi gbẹ.

Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí sọ́ọ̀milì, ẹ fi aṣọ bo imú. Eruku ìrókò máa ń yún ara, ó sì máa ń mú èèyàn wúkọ́.

Apá ti ń wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ìlú Panama, àwọn ìjọba àgbáyé fẹnu kò pé igi apá ilẹ̀ Áfíríkà kò gbọdọ̀ kọjá sókè òkun láìsí ìwé àṣẹ. Ó wá ń ká wa lára pé àwọn kan ń la odó ìyá wọn ṣe igi ìdáná! Tí ìdí rẹ̀ bá ti jìn jù, ẹ gbé e fún agbẹ́gi kó gé etí rẹ̀ wálẹ̀, kó tún inú rẹ̀ gbẹ́. Odó ata ṣì lè jáde nínú rẹ̀.