Ẹ̀kọ́ 14: Bí Ẹ̀fọn Ṣe Ń Mọ Ibi Tí A Wà

Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ó KỌ́KỌ́ KÀ

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè. Ẹ kíyè sí àmì tó wà lórí wọn.

èémí – òórùn – ojú – ooru
ẹ̀fọn: kòkòrò kékeré tí ń mu ẹ̀jẹ̀
ẹfọ̀n: ẹranko ńlá inú igbó
àwọ̀: pupa, dúdú, funfun, àwọ̀ ewé
àwọ̀n: ohun tí a ń ta sórí ibùsùn kí ẹ̀fọn má bàa jẹ wá

Bí àmì bá yí padà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tó bá kọ ẹfọ̀n dípò ẹ̀fọn ti kó ẹranko igbó wọ yàrá.

Ẹ̀KỌ́ KÍKÀ

1. Ẹ̀fọn inú ìlú wa

Kò sí ilé kan ní Lomé tí kò mọ ẹ̀fọn, tí àwọn kan ń pè ní yànmùyánmú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àkókò òjò ń dé lọ́dún: láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, àti ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Nígbà náà, omi á dúró lójú àwọn ọ̀nà yanrìn tí a ń pè ní von. Ọ̀sà Bè àti ọ̀sà Nyékonakpoè á kún. Ibi tí omi bá dúró sí, ẹ̀fọn á yé ẹyin síbẹ̀.

Oríṣi ẹ̀fọn pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni a ó sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí. Èkíní ni Anopheles. Òun ni ó ń gbé ibà kiri. Òru ni ó ń jẹ ènìyàn, nígbà tí a bá ti sùn, títí di ìdájí. Èkejì ni Aedes. Ara rẹ̀ dúdú, ó sì ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Ojúmọmọ ni ó ń jẹ ènìyàn, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú àti ibà dẹ́ńgè kiri. Ní ọdún 2023, ibà dẹ́ńgè jà gan-an ní Burkina Faso, tó bá wa pààlà ní àríwá.

Abo ẹ̀fọn nìkan ni ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó fi ń pèsè ẹyin rẹ̀. Akọ kì í jẹ ènìyàn rárá. Omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ tirẹ̀.

2. Èémí ni ó kọ́kọ́ ń gbọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ni ẹ̀fọn kọ́kọ́ fi ń rí wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá mí síta, afẹ́fẹ́ kan ń ti imú àti ẹnu wa jáde. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní káábọ́nù dayọ́ksáìdì. Ẹ̀fọn ní ẹ̀yà ara kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀ tó fi ń mọ afẹ́fẹ́ yìí. Ó lè gbóòórùn èémí ènìyàn láti nǹkan bíi mítà 10 títí dé mítà 50. Bí ẹ bá jókòó sí àgbàlá yín ní alẹ́, ẹ̀fọn tó wà ní ilé kejì ti lè mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà máa ń pa àlọ́ pé Ẹ̀fọn fẹ́ fi Etí ṣe aya. Etí kọ̀, ó ní Ẹ̀fọn ò ní pẹ́ kú. Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀fọn ti ń lọ kùn sí i létí pé òun ṣì wà láàyè. Àlọ́ náà dùn. Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ̀fọn fi ń yí orí wa ká ni pé imú àti ẹnu ni èémí ń gbà jáde, etí kò sì jìnnà sí wọn. Ìyẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n kíákíá ni a ń gbọ́ tó ń kùn.

3. Lẹ́yìn èémí ni ojú

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Washington, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó ẹ̀fọn Aedes sínú yàrá gígùn kan tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi àmì róbótó-róbótó tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra sí ilẹ̀ yàrá náà.

Nígbà tí kò sí òórùn èémí níbẹ̀, àwọn ẹ̀fọn kò ka àwọ̀ wọ̀nyẹn sí. Lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó dà bí èémí wọlé. Lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ sí wò kiri. Wọ́n fò lọ sí ibi àwọ̀ pupa, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, dúdú, àti àwọ̀ kan tó wà láàrin búlúù àti àwọ̀ ewé. Wọn kò bìkítà fún àwọ̀ ewé, búlúù, elésè àlùkò àti funfun.

Òórùn èémí dà bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Bí a kò bá kan ilẹ̀kùn, onílé kò ní yọjú. Bí a bá kàn án, ìgbà náà ni yóò jáde wo ẹni tó dé.

4. Ẹni dúdú ńkọ́? Ẹni pupa ńkọ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni pupa ni ẹ̀fọn fẹ́ràn. Àwọn mìíràn ní òyìnbó ni. Ìwádìí yẹn kan náà dá wọn lóhùn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ènìyàn wá, ìbáà ṣe ẹni dúdú, ìbáà ṣe ẹni pupa, pọ́n bí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ọsàn lójú ẹ̀fọn. Kò sí ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ lè gbà sílẹ̀.

Síbẹ̀, òótọ́ ni pé ẹ̀fọn ń jẹ ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ. Òórùn ara ni ó ń fa èyí. Àwọn kòkòrò tí a kò lè fojú rí ń gbé lára gbogbo ènìyàn, àwọn ni ó sì ń fún ara ní òórùn tirẹ̀. Òórùn ara ẹnì kan kì í rí bí ti ẹlòmíràn.

Ohun tí a bá mu lè dá kún un. Ní Burkina Faso, àwọn onímọ̀ fún àwọn ọkùnrin kan ní ọtí ọkà tí wọ́n ń pè ní dolo, tó jọ ṣùkútù tí à ń mu ní Togo. Wọ́n fún àwọn mìíràn ní omi. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà túbọ̀ ń wá àwọn tó mu ọtí. Omi kò mú ìyípadà kankan wá. Ọdún 2010 ni wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti aláboyún. Ní Gambia, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé ẹ̀fọn tó ń lọ sọ́dọ̀ aláboyún tó ìlọ́po méjì èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí kò lóyún. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà ń mí síta ju àwọn yòókù lọ, ikùn rẹ̀ sì gbóná díẹ̀ ju tiwọn lọ. Èémí tó pọ̀ ń pe ẹ̀fọn tó pọ̀. Ibà sì lè ba oyún jẹ́, ó sì lè mú kí ọmọ kéré jù nígbà tí a bá bí i.

5. Nígbà tó bá súnmọ́ wa

Bí ẹ̀fọn bá ti súnmọ́ wa tán, ooru ara àti òógùn wa ni ó ń fi í mọ̀nà. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California, ní Santa Barbara, fi hàn pé Aedes lè mọ ìtànṣán ooru ara láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70. Aṣọ tó fẹ̀, tí kò lẹ̀ mọ́ra, ń dín ooru yìí kù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni ẹ̀fọn ń lò: èémí, àwọ̀, òórùn ara, àti ooru. Bí a bá dí ọ̀kan, ó lè gba òmíràn wọlé.

6. Kí ni kí á ṣe?

Ní ìrọ̀lẹ́, ó dára kí a wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, tó fẹ̀, tó bo apá àti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. A kò lè dá èémí dúró, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sùn nínú òkùnkùn kò lè fi àwọ̀ aṣọ lé ẹ̀fọn Anopheles. Aṣọ funfun kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì.

Àwọ̀n tí a fi oògùn sí ni ààbò wa lóru. À ń pè é ní nẹ́ẹ̀tì. Ní àwọn ilé ìwòsàn Lomé, wọ́n ń pè é ní moustiquaire. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀: ẹ̀fọn gbóòórùn èémí wa, ó ń bọ̀ tààrà, ó bà lé nẹ́ẹ̀tì, oògùn sì pa á. Èémí tó ń pè é wá jẹ wá náà ni ó ń pè é wá kú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ìjọba Togo pín nẹ́ẹ̀tì káàkiri orílẹ̀-èdè fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, nígbà tí wọ́n ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ kékeré ni ibà ń tètè pa.

Bí nẹ́ẹ̀tì ilé bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ta ni kó sùn sábẹ́ rẹ̀? Kí baálé má bínú: aláboyún àti ọmọ kékeré ni. Ẹ jẹ́ kí nẹ́ẹ̀tì tuntun gba atẹ́gùn lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ lo ọṣẹ tí kò le, ẹ má sì sá a sí oòrùn.

Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Nítorí náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ da omi inú táyà àti agolo nù. Ẹ bo ìkòkò àti dúrọ́ọ̀mù omi yín dáadáa.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ẹ̀fọn kọ́kọ́ fi ń mọ̀ pé ènìyàn wà nítòsí?
2. Dárúkọ àwọ̀ méjì tí Aedes ń fò lọ bá, àti méjì tí kò kà sí.
3. Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀fọn fẹ́ràn ẹni pupa ju ẹni dúdú lọ? Ṣe àlàyé.
4. Kí ló dé tí ẹ̀fọn fi ń wá aláboyún ju àwọn obìnrin yòókù lọ?
5. Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí: «Aṣọ funfun kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì»?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ rìn yí àgbàlá yín ká. Ẹ kọ orúkọ ohun gbogbo tí omi dúró sí sínú ìwé yín. Ẹ da omi tí kò wúlò nù, kí ẹ sì bo èyí tó wúlò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì nílé yín lánàá. Ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á.