Aṣọ Ojú Fèrèsé: Èwo Ló Yẹ Yàrá Wo?

Ọ̀rọ̀ aṣọ ojú fèrèsé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú kọ́tìnnì, ṣebí iṣẹ́ télọ̀ ni? Ó kàn mí. Ní Abúlé Adó wa yìí, ilẹ̀ àbàtà ló pọ̀. Bí òjò bá dá, omi a dárogún káàkiri, ẹ̀fọn a sì gbilẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ oníbà wá sí dìsípẹ́ńsárì, tí mo bi ìyá rẹ̀ léèrè nípa fèrèsé yàrá wọn, èsì tí mo sábà ń gbà ni pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kọ́tìnnì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ nípọn dáadáa."

Kọ́tìnnì kì í dá ẹ̀fọn dúró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà wọlé, ibi tó ṣókùnkùn lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sì sinmi sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nẹ́ẹ̀tì ló ń dá a dúró. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1897 ni Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà kiri. William MacGregor, oníṣègùn tó di Gómìnà Èkó ní 1899, gbé ogun ti ẹ̀fọn níhìn-ín: ó ń dí àbàtà, ó ń pín kuníìnì, ó sì ń fi nẹ́ẹ̀tì sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba.

Nítorí náà, ní yàrá tí ẹ ń sùn, nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ ra. Kí káfíńtà kàn án mọ́ férémù láìsí àlàfo. Èyí tó bá ya, ẹ rán an lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, èyí tó ṣeé fọ̀, tí ẹ lè fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lóru kí atẹ́gùn lè wọlé. Bí ènìyàn márùn-ún bá ti ara wọn mọ́ yàrá kan, tí ẹnìkan nínú wọn sì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, èémí rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò máa fà símú. Ẹ má sì torí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé pa nẹ́ẹ̀tì orí bẹ́ẹ̀dì tì. Bí ọmọ kékeré bá wà nínú yàrá, ẹ má jẹ́ kí okùn kọ́tìnnì ṣe lọ́ńbú dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, ó lè kọ́ ọ lọ́rùn.

Fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kò sí aṣọ tó lè dá èéfín rẹ̀ dúró. Olóró inú èéfín náà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú oorun ló sì ti ń pa ènìyàn. Bí ará ilé méjì mẹ́ta bá jí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì, tí ara wọn kò gbóná, ẹ má kàn sọ pé ibà ni. Ẹ jáde síta kíákíá, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù. Ẹ̀rọ náà kò gbọdọ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní bàkónì. Ibi tó jìnnà sí ilé ni kó wà. Bí ti aládùúgbò bá ni, ẹ lọ bá a sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Pálọ̀ kò le. Ẹ fi ohun tó wù yín sí i, àmọ́ àrán a máa gba eruku, nígbà ọyẹ́ pàápàá, bí ọmọ yín bá sì ní ikọ́ fée, yóò fojú rí i. Ní ilé ìdáná, ẹ má fi aṣọ kankan sí ẹ̀gbẹ́ iná. Nẹ́ẹ̀tì wáyà nìkan ti tó. Ti balùwẹ̀, gíláàsì tí kò ṣeé wò kọjá tó o.

Ó ku irin ojú fèrèsé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2020 tí ìbúgbàù ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa, tó pa ju 20 ènìyàn lọ, kò sẹ́ni tó rí àyè ronú. Ẹ jẹ́ kí irin fèrèsé kan ó kéré tán nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, kí ẹ so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì níbi tí àgbà lè nawọ́ mú un nínú òkùnkùn.