Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸNI TÍ Ń LỌ SÍ ILẸ̀ ÀJÈJÌ

Àwọn òbí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ a máa bi wá léèrè pé, "Kò ha séwu bí ọmọ wa bá lọ sí ilẹ̀ àjèjì?" Àwa a sì dáhùn pé ewu ń bẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ọ̀nà nìkan ni ó wà. Ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ń ṣòwò ní ilẹ̀ Gáná. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni kò ní in. Wọ́n fi òwò sílẹ̀, wọ́n padà wálé.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pípẹ́ nílùú kì í ṣe ìwé. Lónìí, àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ wa ní ọjọ́ 90 ní Gáná láìgba físà. Bí yóò bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ó gba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀rù dá ọmọ dúró. Ẹ bi í léèrè ìwé rẹ̀. Kí òun náà má sì ṣe gbàgbé ilé, nítorí ilé ni àbọ̀ sinmi oko.